Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Èmi akọ̀wé tó ń jókòó sábẹ́ páànù níwájú ọ́fíìsì ilẹ̀ ni mo fọwọ́ mi kọ àwọn lẹ́tà bàbá tó wà níbí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn ni bàbá tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Dìde, nítorí tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn kó tó dìde. Ọmọ àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ sì lòun náà títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Kò wọ ilé ìwé rí. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé sí. Òkè òkun ló wà, ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Bàbá ní kí n kọ ohun tóun bá sọ bóun ṣe sọ ọ́, kí n má fi ti ara mi kún un. Ibi tí mo bá ti fi ti ara mi kún un, mo sọ níbẹ̀ pé èmi ni. Èsì ọmọ náà wà láàárín wọn bí wọ́n ṣe ń dé.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù fún ọ? Iṣẹ́ ńkọ́? Èmi wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ń bá a kẹ́dùn. Òrùlé yàrá ìyá rẹ ti ń jò, mo gbé ike sábẹ́ rẹ̀.

O ní ò ń pè mí. Mo mọ̀. Mo ń rí i nígbà tó bá ń dún. Mi ò ní gbé e. Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, inú fóònù yẹn náà lo ti sọ fún mi pé ò ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n má tíì sin ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró dè ọ́. Nígbà tí mo ní o wí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní kí n mú ọ̀rọ̀ náà jáde kí àwọn fojú rí i, n kò rí nǹkan kan mú jáde. Láti ọjọ́ náà, ohun tó o bá fẹ́ bá mi sọ, kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n fẹ́ là yóò gba òdìkejì odò wa kọjá. Wọ́n kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ wá gba ìwé ẹ̀rí kí oṣù kẹwàá tó parí. Ẹni tó bá ní ìwé, ọ̀nà yóò yà fún un. Ẹni tí kò bá ní, ilẹ̀ rẹ̀ ti di ti ọ̀nà. Mo lọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi wá orúkọ mi. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta, akọ̀wé inú ọ́fíìsì, ẹni tí à ń pè ní Onígíláàsì, rí mi nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó rí kò dára. Wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀ wa parí sí etí odò. Bàbá mi ló fi àdá ara rẹ̀ ṣán òdìkejì, ìyá rẹ sì ń bẹ níbẹ̀. Mo ní kó tún un kọ. Ó tún un kọ níṣojú mi, ṣùgbọ́n ó ní kò tíì múlẹ̀ àfi tí Ìyá Ọ̀gá, olórí ọ́fíìsì wọn, bá fọwọ́ sí i, Ìyá Ọ̀gá sì ti lọ tọ́jú ara. Ó ní òun óò pa á dé ná, kí n máa lọ, kí n padà wá.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní, “Oṣù mẹ́rin lẹ fi wá mi. Ẹ ò ní pa mí dé.” Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀ títí ó fi gbà. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ṣíṣí, ó da aṣọ bò ó, ó lẹ bébà mọ́ ọn pé Ẹ MÁ PA Á. Ọ́fíìsì náà ní bátìrì ńlá, iná kì í kú níbẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń lọ wò ó. Iná rẹ̀ ń tàn lábẹ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yẹn ń bàjẹ́ lójú wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé bẹ̀, ogójì ènìyàn ni wọ́n ń dá lóhùn lójúmọ́. Ní báyìí wọn ò lè dá márùn-ún lóhùn. Onígíláàsì á tẹ nǹkan, á káwọ́ lérí. Bí mo bá ní kí wọ́n kàn wo tèmi, kọ̀ǹpútà á máa ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kọ̀ǹpútà lo ní o kọ́. Kí ló ń ṣe é?

Bàbá rẹ.

Èmi akọ̀wé fi kún un: kò sunkún nígbà tó ń sọ ti ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ó ní kí n dá gègé dúró díẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ilé, ẹ kú orúnkún. Òtútù ti dín, ẹ má dààmú. Yàrá kan ni mò ń gbé, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó móoru, mo sì ń jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí káfíńtà wo òrùlé màmá.

Ẹ tún ti mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án wá. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti fi bẹ̀ yín. N kò mọ bí wọ́n ṣe tún ń bẹ bàbá ẹni.

Ní ti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá lọ́ra, a máa ń bèèrè bóyá ẹrù rẹ̀ ló wúwo ni. Ẹ bá mi bi Onígíláàsì ní nǹkan mẹ́ta. Ìlà mélòó ló wà nínú ìwé ilẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ náà? Tó bá wá orúkọ ẹnì kan, ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà? Lẹ́yìn náà, kó wá nǹkan kékeré kan, bí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn nìkan, kó sì wo aago. Kó kọ ọ́ sí bébà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè ya fọ́tò rẹ̀.

Inú mi dùn pé ẹ bi mí.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Lẹ́tà rẹ dé. Káfíńtà wá, ó wo òrùlé, ó mi orí, ó lọ. Ike ṣì wà níbẹ̀.

Mo mú ìbéèrè rẹ tọ Onígíláàsì lọ. Ó ní, “Bàbá, ta ló kọ́ yín ní irú èyí?”

Mo ní, “Ọmọ mi ni.”

“Èyí tó wà lókè òkun? Ẹ sọ fún un kó wá gba àga mi. Ó ní ihò láàárín.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe é. Ìlà tó wà nínú ìwé ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì àti ẹgbẹ̀rún kan. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ó wá orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Mẹ́rìnlá péré ni gbogbo wọn. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Èmi fúnra mi lè ka àwọn mẹ́rìnlá yìí kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì.”

Obìnrin aránṣọ kan máa ń jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀nà yẹn fẹ́ kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Téèpù rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lánàá ó dìde dúró, ó ní ẹni yòówù tó bá ń fa ìdádúró yìí, kó má rí ẹsẹ̀ rìn, kó máa jókòó síbi tí kò fẹ́. Gbogbo bẹ́ǹṣì ṣe àmín. Èmi ni mo ṣe é sókè jù.

Onígíláàsì ní Ìyá Ọ̀gá kò tíì bọ̀. Kọ̀ǹpútà mi wà níbẹ̀. Mo yọjú wò ó láàárọ̀ yìí, iná rẹ̀ ń tàn.

Sọ ohun tó o rí nínú gbogbo èyí.

Bàbá rẹ.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó. Ẹ bá mi kí aránṣọ.

Mo rí i pé kì í ṣe ẹrù. Ọ̀kẹ́ méjì ìlà, kékeré ni. Bí orúkọ ènìyàn mẹ́rìnlá bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà ti ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀rọ náà ní ìwé tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Inú ìwé yẹn ló fi ń rántí orúkọ gbogbo ìwé tó kù àti ibi tó kó wọn sí. Kò lè ṣí ìwé ilẹ̀ yín láìkọ́kọ́ wò ó. Mo fura pé bí wọ́n bá ti bi ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè kan, á ya ìwé pélébé kan fún un, á fi ṣiṣẹ́, á sì jù ú nù. Nígbà tó bá ya á, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìrántí yẹn. Tó bá jù ú nù, á fi ìlà pa orúkọ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà tó ti kú ṣì ń gba àyè lójú ewé. Agbálẹ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó yẹ kó máa kó wọn kúrò. Bí kò bá kó wọn, ẹ̀rọ á máa ṣí ojú ewé òkú lẹ́yìn òkú kó tó rí ohun kan tó wà láàyè.

Mo ti kọ ohun tí Onígíláàsì yóò tẹ̀ sí bébà kejì. Kó má fi nǹkan kan kún un. Mo fẹ́ mọ bí ìwé ìrántí yẹn ṣe tóbi tó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá agbálẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iye òkú tó rí, àti iye tó kó. Mo tún fẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò tíì parí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣí i.

Bàbá, mo ní ìbéèrè kan tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Báwo ni ibi tí màmá wà ṣe rí? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ọmọ yín.

Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Ṣé ara le? Tèmi ń bá a bọ̀. Ike inú yàrá ìyá rẹ kì í gbẹ mọ́, mo ń dà á nù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Onígíláàsì tẹ gbogbo ohun tó o kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á, torí pé bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á pè é. Ó ní ìwé ìrántí yẹn tóbi ju ìwé ilẹ̀ gbogbo wa lọ ní ìlọ́po ọgbọ̀n. Ó ní òun tún un wò lẹ́ẹ̀mejì kóun tó gbà. Agbálẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sinmi. Ó rí òkú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Kò kó ẹyọ kan. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ ni pé wọn kò tíì ṣeé kó. Onígíláàsì ní, “Irú agbálẹ̀ wo ló ń gbálẹ̀ láti àárọ̀ tí ilẹ̀ ò mọ́?” Mo ní bóyá ìjọba ló gbà á síṣẹ́.

Orúkọ àwọn tó ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ ni bébà tó ká sínú lẹ́tà yìí. N kò jẹ́ kí akọ̀wé kà á fún mi, èdè ẹ̀rọ ni.

Wọ́n ti lẹ ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn pé ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn fún àtúnṣe. Bí ọ̀la bá ti kọjá, kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n tún nǹkan kọ mọ́, àfi àtúnṣe tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn ènìyàn ń pariwo. Èmi jókòó jẹ́ẹ́. Tèmi ti wà ní ṣíṣí láti oṣù kẹta. Ṣé o rí i pé orí kunkun náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe?

O bèèrè bí ibi tí ìyá rẹ wà ṣe rí. Bó o bá fẹ́ mọ̀, wá wò ó.

Bàbá rẹ.

Èmi akọ̀wé fi kún un: fóònù mi jábọ́ sínú garawa omi, kò tíì jí. Bàbá ní òun ti mọ̀ pé ibi tó máa parí sí nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Mo ka bébà Onígíláàsì. Ènìyàn méjìlá ló ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Mọ́kànlá nínú wọn kò tíì ju wákàtí kan lọ. Ẹnì kan tó kù ti ṣí tirẹ̀ láti ogúnjọ́ oṣù kẹta. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni.

Bàbá, ẹ̀yin ni.

Agbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ohun tí ẹni tó ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì lè fẹ́ bojú wẹ̀yìn wò. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Gbogbo ohun tó ti kú nínú ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí ẹ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń tọ́jú rẹ̀ dè yín ni. Oṣù mẹ́fà! Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè, ẹ̀yin náà sì jókòó sí àárín wọn, ẹ ń ṣe àmín.

Báyìí náà lẹ ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan. Ẹ ò kì í fi nǹkan sílẹ̀. Ẹ ò fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ẹ ò fi fóònù sílẹ̀, ẹ kàn dì í mú, ẹlòmíràn ò sì rí ọ̀nà kọjá. Mo bèèrè ibi tí ìyá mi wà, ẹ ní kí n wá wò ó.

Ẹ ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà yẹn. Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé gan-an ni kí wọ́n pa á, kó má di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ti ọ́fíìsì fún wákàtí mẹ́ta, kí Onígíláàsì tẹ ohun tí mo kọ sẹ́yìn bébà yìí, ara ẹ̀rọ á fúyẹ́. Ẹ má bá mi jiyàn. Ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ má pa á. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá ti dé, ẹ má tíì pa á.

Ìbínú ni mo fi kọ ọ́. Ohun tí Onígíláàsì tún kọ ní oṣù kẹta kò tíì wọ inú ìwé ilẹ̀. Ọwọ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan ló wà. Bí wọ́n bá pa á láìjẹ́ pé Ìyá Ọ̀gá fọwọ́ sí i, àtúnṣe náà á parẹ́, ilẹ̀ á padà sí etí odò, wọn ò sì ní gba òmíràn mọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lánàá mọ èyí. Èmi mọ̀ ọ́n, n kò kọ ọ́. Kí Ìyá Ọ̀gá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ibi yòówù kó wà, kí wọ́n lọ bá a nílé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa á.

Mo pe fóònù akọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́yìn náà ni mo rántí garawa.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Nígbà tí màmá kú, ìwé tó ń jẹ́ kí n máa gbé ìlú yìí wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan níbí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo wà ní ìlà pẹ̀lú àpò mi nígbà tí obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní bí mo bá fi jáde, wọ́n á pa fáìlì mi dé, n óò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dúró de ìwé yẹn. Ní ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àràárọ̀ ni mò ń lọ bá obìnrin náà. N kò jẹ́ kí wọ́n pa á dé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún yín. Nítorí náà mo mọ ohun tó mú yín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò yẹ lẹ́ni tí ń fi í bú yín.

Ẹ má tíì pa á.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kejì oṣù yìí. Orí bẹ́ǹṣì ni akọ̀wé ti kà á fún mi, aránṣọ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ni?”

Mo ní, “Ó jọ pé èmi ni.”

“Bàbá, mo ti ń gbé yín ṣépè láti oṣù keje.”

“Mo mọ̀. Mo ṣe àmín sí i.”

Ó fi ọwọ́ bojú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó gbá mi ní apá mú, ó gbé mi dìde, torí orúnkún mi ti kọ̀.

Mo wọlé tọ Onígíláàsì lọ. Mo ní, “Ọmọ mi ní kó o pa á.” Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé òun lòun fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní, “Bàbá, Ìyá Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká dúró dè wọ́n?”

Mo ní, “Ọmọ mi ní òní ni.”

“Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, bàbá.”

“Òní ló wí.”

Ó ní òun ò lè fọwọ́ òun pa á. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń pa á hàn mí. Mo ká aṣọ sókè, mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ títí iná rẹ̀ fi kú. Mo dúró wò ó díẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń lọ kí i láràárọ̀.

Ìyá mi, o mọ iṣẹ́ rẹ. Agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkú lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ilẹ̀kùn fún wákàtí mẹ́ta bí o ṣe wí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ogójì ènìyàn ni wọ́n dá lóhùn kó tó di ọ̀sán. Ti aránṣọ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ń jó pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, téèpù ń jù lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé ọmọ mi ló ṣe é, láti òkè òkun, pẹ̀lú bébà.

Tèmi di ọjọ́ Ajé, tí Ìyá Ọ̀gá bá dé.

O ní n kì í gbọ́ tìrẹ. Mo gbọ́ eléyìí. Ọjọ́ tó dé náà ni.

Bàbá rẹ.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé lónìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀wé ka gbólóhùn yẹn fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá

Ìyá mi,

Ṣé ara le? Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì bí o ṣe wí.

Lẹ́tà rẹ kejì dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá. Mo fi í sápò, n kò dúró kí akọ̀wé kà á, torí mo fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀gá. Ó fi ọ̀yàyà gbà mí. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní etí odò ló wà. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi kí n rí i, bí ẹni pé mo mọ̀wé. Onígíláàsì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu gíláàsì rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ìyá Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní ká ní ó ṣì wà ní ṣíṣí ni, òun ì bá fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gba àtúnṣe tuntun mọ́. Ó tẹ ìwé ẹ̀rí jáde fún mi. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ilẹ̀ tó wà ní ìhà ìhín odò ni wọ́n kọ síbẹ̀, títí dé etí omi, kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo jáde ni akọ̀wé ka lẹ́tà rẹ.

Wọ́n ti ri èèkàn pupa sí òdìkejì. Mo lọ bá ọ̀gá àwọn tó ń la ọ̀nà. Ó ní ẹni tó bá ní ìwé nìkan làwọn ń bá sọ̀rọ̀ òkú. Ẹnì kan ní kí n lọ hú u kí wọ́n tó dé. Mo ní èmi kọ́ ni n óò jí obìnrin yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ò bá ti sọ ọ́ fún mi. Ǹ bá ní ohun tí n óò sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Ẹni tó ń ṣépè jù nínú wọn ti kú báyìí.

O bèèrè bí ibi tí ìyá rẹ wà ṣe rí. N kò dá ọ lóhùn. Mo dá ọ lóhùn báyìí, mo sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ bí ìwé tí ènìyàn fi ń jẹ́rìí, kó má jẹ́ pé inú ẹnu mi nìkan ló wà.

Wọn óò fọ́ àpáta tó wà níbẹ̀, wọn óò gé igi, wọ́n sì ní odò pàápàá yóò gba ibòmíràn. Nítorí náà n kò lè fi èyíkéyìí nínú wọn júwe fún ọ. Igun ilẹ̀ wa tó wà nínú ìwé ẹ̀rí tuntun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, igun tó sún mọ́ ìlà-oòrùn létí odò. Ìyẹn wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, wọn ò lè gbé e kúrò. Aránṣọ bá mi kọjá odò. Téèpù rẹ̀ la fi wọ̀n ọ́n, ó di orí kan mú, Onígíláàsì di ìkejì. Láti igun yẹn, kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ ní oṣù kọkànlá. Na téèpù aránṣọ ní ìgbà mẹ́tàdínlógójì, èyí tó gùn tó ọgọ́ta ìnṣì. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Orí rẹ̀ kọjú sí ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, torí mò ń bomi rin ín. Koríko ibẹ̀ kò ga. Èmi ni mò ń ro ó. Òjò ṣú lọ́jọ́ tí a sin ín, ṣùgbọ́n kò rọ̀.

Bó o bá dé lọ́jọ́ kan, orí ọ̀nà ni wàá dúró sí. Mọ́tò á máa kọjá. Má jẹ́ kí wọ́n fọn fèrè lé ọ kúrò kó o tó kí i tán.

Bàbá rẹ.

Èmi tí mo sọ ọ̀rọ̀ òkè yìí kò mọ̀wé. Wọ́n kà á fún mi, mo sì gbọ́ pé bí mo ṣe wí i ló wà. Àmì àtàǹpàkò ọ̀tún mi nìyí: ✕

Ẹlẹ́rìí kìíní: Aránṣọ, tó di téèpù mú.

Ẹlẹ́rìí kejì: Onígíláàsì, akọ̀wé ọ́fíìsì ilẹ̀ tẹ́lẹ̀.